Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Ọ̀dọ́ Mọ Orúkọ Àrùn Rẹ̀?

Bí àrùn jẹjẹrẹ bá kọlu ọ̀dọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kí wọ́n fi orúkọ àrùn náà pamọ́ fún un. Àánú ni wọ́n pè é. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò ni èyí: ǹjẹ́ irọ́ tí a fi àánú pa lè ran aláìsàn lọ́wọ́?

Orúnkún akẹ́kọ̀ọ́ mi kan wú. Jẹjẹrẹ inú egungun ni, irú èyí tí ó sábà máa ń mú ọ̀dọ́ nígbà tí egungun rẹ̀ ń yára gùn. Àwọn òbí rẹ̀ ní bọ́ọ̀lù tí ó gbá ni ó fà á. Nígbà tí irun orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já, ó bi mí pé, 'Sà, irú ẹsẹ̀ dídùn wo ni ó ń mú irun já?' N kò lè fèsì. Kò pẹ́ tí ó fi kọ̀ láti padà sí ilé ìwòsàn.

A kò gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín àwọn òbí wọ̀nyí. Ẹ̀rù a máa pa aláìsàn kí àrùn tó pa á, àwọn àgbà sì wí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ṣùgbọ́n irọ́ kì í ṣe àbọ̀ ọ̀rọ̀. Kò lè di odindi òótọ́ láéláé. Ìtọ́jú àrùn yìí ń gba oṣù púpọ̀. Oògùn rẹ̀ ń gbógun ti ohun tí ó bá ń yára dàgbà nínú ara. Ìdí nìyẹn tí irun fi ń já, tí ẹnu sì ń di egbò. Ta ni yóò fara da irú ìyà bẹ́ẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ tí ó ṣèṣe lásán? Òótọ́ pàápàá jẹ́ ara oògùn.

Terry Fox, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, jẹ́ ọmọ ọdún 18 ní 1977 nígbà tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ egungun. Ó mọ ohun tí ń ṣe é. Ní 1980, ó fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá sáré kìlómítà 5,373 ní ọjọ́ 143, kí ó lè kó owó jọ fún ìwádìí. Ó kú ní 1981. Mímọ̀ kò gba ẹ̀mí rẹ̀ là, ṣùgbọ́n òun ni ó jẹ́ kí ó lè yan ohun tí yóò fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe.

Níkẹyìn, ẹ̀gbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ mi jókòó tì í, ó sì dárúkọ àrùn náà fún un. Ó sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń rán ìyá rẹ̀ létí ọjọ́ abẹ́rẹ́. Èmi náà wá rí iṣẹ́ mi: mo ń gbé ẹ̀kọ́ lọ bá a, mo sì ń pe orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà láràárọ̀, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè dáhùn pé, 'Ó ń bọ̀.'

N kò wí pé kí á sọ òótọ́ lu ọ̀dọ́ bí òkò. Kí á sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ó bá ti ń béèrè, kí á sì dúró tì í lẹ́yìn tí a bá sọ ọ́ tán. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Nígbà tí a bá ń gbìmọ̀ lórí ara ọmọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí á ti ọmọ náà mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.