Abẹ́rẹ́ Lórí Omi: Bí A Bá Mọ Ìdí Rẹ̀, Ṣé Ìyanu Ti Tán?

Ọmọ kan tẹ́ tíṣù pẹlẹbẹ sójú omi inú abọ́, ó rọra gbé abẹ́rẹ́ ìránṣọ lé e. Tíṣù mu omi yó, ó rì. Abẹ́rẹ́ kò bá a lọ. Irin tó wúwo tó omi ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ wá dùbúlẹ̀ gbalaja sójú omi. Bí ọmọ náà bá bi ìyá rẹ̀ pé kí ló fà á, èsì tó máa ń yá lẹ́nu àgbà ni pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni, àwámárìídìí.

Òótọ́ ni ìyá sọ. Ṣùgbọ́n ṣé ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí?

Àwọn onígbàgbọ́ kan, Mùsùlùmí àti Krìstẹ́nì, ń kọminú pé bí ọmọ bá ti ń mọ ìdí ohun gbogbo, ìbẹ̀rù Ọlọ́run á kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ire ọmọ ni wọ́n ń wá. Síbẹ̀, ìyanu tó dúró lórí àìmọ̀ nìkan kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ọjọ́ tí olùkọ́ bá ṣàlàyé rẹ̀ ní kíláàsì ni yóò wó.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ ọ́n nílé. Àwọn ègé omi tí ojú kò lè rí ń fa ara wọn mọ́ra. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ní alábàágbé yí ká. Èyí tó wà lójú omi kò ní ti òkè, àfi ti ẹ̀gbẹ́ àti ti ìsàlẹ̀ tó ń fà á. Ìdí nìyẹn tí ojú omi kì í fi í fẹ́ fẹ̀. Abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ wọnú díẹ̀, kò lè ya á. Kí ọmọ wá wọ́n pọ́dà sórí omi nínú abọ́ mìíràn, kó fi ìka tó ti kan ọṣẹ olómi tọ́ àárín rẹ̀. Fìrì! Pọ́dà sá lọ sétí abọ́. Ọṣẹ ti dẹ ìfà tó wà láàárín, ti ẹ̀gbẹ́ tó ṣì lágbára ló wọ́ pọ́dà lọ.

Ilé ìdáná ni Agnes Pockels ti bẹ̀rẹ̀ irú ìwádìí yìí ní Braunschweig, ní Jámánì, ní nǹkan bí 1880. Yunifásítì ibẹ̀ kì í gba obìnrin nígbà náà, àwọn òbí rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ló sì ń tọ́jú. Ó fi páànù ṣe ọpọ́n, ó ń fi òṣùwọ̀n wọn agbára tó lè fa bọ́tìnì kékeré kúrò lójú omi. Ní January 1891 ó kọ lẹ́tà sí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Lord Rayleigh ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyàwó Rayleigh túmọ̀ rẹ̀, ìwé ìròyìn Nature sì gbé e jáde lóṣù kẹta ọdún náà.

Rayleigh yìí kan náà fi Sáàmù 111, ẹsẹ 2, síwájú àkójọ ìwé ìwádìí rẹ̀. Ẹsẹ náà wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwádìí Cavendish ní Cambridge, níbi tó ti ṣe olórí rí. Ẹsẹ náà ka títú iṣẹ́ Ọlọ́run wò sí ìṣe àwọn tó nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ náà. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ìfà sọ bí abẹ́rẹ́ ṣe léfòó; kò sọ ìdí tí omi fi wà rárá, tó sì ń pa òfin kan náà mọ́ ní Braunschweig àti ní Ìbàdàn.

Nítorí náà, lẹ́yìn “iṣẹ́ Ọlọ́run ni”, kí ìyá bi ọmọ léèrè: bí omi bá gbóná ńkọ́? Bí a bá kán epo pupa sí i ńkọ́? Kí ọmọ kọ́kọ́ sọ ohun tó rò, kó tó dán an wò. Kí wọ́n sì ṣan abọ́ náà dáadáa, torí ọṣẹ tíntín tó bá ṣẹ́kù lára rẹ̀ lè mú kí abẹ́rẹ́ kejì rì.