Ìlà Tí Kò Wo Ẹni Tó Kọ́kọ́ Dé

Ṣé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn? Lọ́dọ̀ tiwa, ìdáhùn ìbéèrè yìí kì í pẹ́ lẹ́nu. Ní ilé epo, ní báǹkì, nídìí ẹ̀rọ omi, ẹni tó bá ṣọ́ǹtì ń wá ìjà ni. A lè má mọ orúkọ ẹni tó wà níwájú wa, ṣùgbọ́n a mọ ìpàkọ́ rẹ̀ dáadáa, a sì ń ṣọ́ ọ. Ìdí nìyí tí ìlà kan tó wà ní South Africa fi gbà wá lọ́kàn. Lórí ìlà yẹn, ìgbà tí èèyàn dé kò já mọ́ nǹkan kan, síbẹ̀ a ò lè pè é ní ìlà àwọn aṣọ́ǹtì.

Sutherland ni ìlà náà wà, ní agbègbè Northern Cape, nídìí SALT, ìyẹn Southern African Large Telescope. Awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run ni. Ọdún 2005 ni Ààrẹ Thabo Mbeki ṣí i. Dígí 91 ni wọ́n tò pọ̀ tó di ojú rẹ̀ kan ṣoṣo, fífẹ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bíi mítà 11.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín irú awò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ṣì ń gbà pín in níbòmíràn títí dòní, ni pé kí wọ́n fún onímọ̀ ìràwọ̀ ní ọjọ́. Wọ́n á ní òru mẹ́ta ni tìẹ. Á wọ ọkọ̀ òfurufú, á gun òkè lọ, á jókòó ti awò náà. Tí ìkùukùu bá wá bo òru mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó parí nìyẹn. Kó padà sílé, kó tún kọ̀wé béèrè. Ẹni tó tẹ̀ lé e lè bá sánmà tó mọ́ kedere, kó sì jẹ́ pé iṣẹ́ tó gbé wá ò tiẹ̀ nílò irú sánmà bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Wọ́n pín ọjọ́ dọ́gba, ojú ọjọ́ ni kò pín ara rẹ̀ dọ́gba. Ọ̀pọ̀ wa á kàn sọ pé orí kálukú ló yàtọ̀, a ó sì fọwọ́ lẹ́rán.

Ní SALT, wọn kì í fúnni ní òru. Ẹni tó bá níṣẹ́ á kọ ọ́ ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n sì ń gbà á: ìràwọ̀ tó fẹ́ wò, àkókò tó nílò, bóyá òṣùpá gbọ́dọ̀ ti wọ̀ kí wọ́n tó ṣe é, bóyá ìkùukùu fẹ́lẹ́ kò ní pa á lára. Ìgbìmọ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á fi nọ́ńbà sí i, láti 0 dé 4. 0 ni ti ọ̀rọ̀ kánjúkánjú. 1 ni iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ rí i dájú pé ó parí, 2 sì tẹ̀ lé e. 3 ni wọ́n fi ń dí àlàfo. 4 wà fún òru tí ojú ọ̀run bá bàjẹ́. Onítọ̀hún ò ní gun òkè kankan mọ́. Onímọ̀ ìràwọ̀ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ yẹn ló máa wo sánmà, tó máa wo àwọn tó wà lórí ìlà, tó sì máa pinnu ẹni tó kàn.

Ṣùgbọ́n òun náà ò lè ṣe bó ṣe wù ú. Dígí SALT kì í gbórí sókè, kì í sì í tẹrí ba. Wọ́n ti dá a dúró ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kan. Yíyípo nìkan ló lè yípo. Apá kan tó rí bí òrùka ló ń rí nínú ojú ọ̀run. Ìràwọ̀ ló máa rìn wọ inú òrùka náà, tí ẹ̀rọ tó wà lókè dígí á máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn fún nǹkan bíi wákàtí kan, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ìràwọ̀ á bá tirẹ̀ lọ. Kò sí "jọ̀ọ́, dúró dè mí." Ẹni tó ní nọ́ńbà 1 tí ìràwọ̀ rẹ̀ ò tíì wọlé, kí ló fẹ́ fi àyè yẹn ṣe? Alákàrà tí epo rẹ̀ ti gbóná kì í paná nítorí pé oníbàárà tó kàn ṣì ń wá abọ́ bọ̀. Ó máa dá ẹni tó wà lẹ́yìn lóhùn ni.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ẹni tí kò sí lórí ìlà rárá ló máa kọjá síwájú gbogbo èèyàn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2017, àwọn ẹ̀rọ LIGO àti Virgo gbọ́ ìró ìràwọ̀ neutron méjì tó forí sọra wọn nínú agbo ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní NGC 4993. Ìmọ́lẹ̀ ìkọlù náà ń kú lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, kì í sì í pẹ́ wọ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Lírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó ṣú tán, SALT ti kọjú sí i. Ṣọ́ǹtì gidi nìyẹn o! Àmọ́ ta ló máa bínú sí i? Ẹni tó wà lórí ìlà ilé ìwòsàn kì í bínú sí aláboyún tó ń rọbí.

Kì í ṣe ìyẹn ló ń dà wá láàmú. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà 3 ni. Iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà sábẹ́ nọ́ńbà yìí pọ̀ ju àyè tó wà lọ, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Tí iṣẹ́ ò bá pọ̀ káàkiri ojú ọ̀run, ìgbà kan á wà tí awò máa lajú sílẹ̀ tí kò ní rí nǹkan wò. Nítorí náà, bí àwọn kan ò tilẹ̀ ní rí ìṣẹ́jú kan gbà, dídúró wọn lórí ìlà ti ṣe awò náà láǹfààní. Ẹ jẹ́ ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ń kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé, tí gbogbo ìwé náà rọ̀ mọ́ ìràwọ̀ márùn-ún. Ọdún kan kọjá, méjì péré ni wọ́n wò. Ṣé wọn ò ti lo èèyàn bí ẹní fi okùúta ti ilẹ̀kùn báyìí?

Wọ́n á ní ṣebí wọ́n sọ fún un. Òótọ́ ni, nọ́ńbà rẹ̀ ń bẹ lójú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn sì ju ohun tí à ń rí gbà ní ọ́fíìsì púpọ̀ lọ, níbi tí "ẹ padà wá lọ́la" ti ń di ọdún. A gbà pé ìyẹn mú ẹ̀tàn kúrò níbẹ̀. A ò gbà pé ó mú gbèsè kúrò. Ẹni tí wọ́n ti wo méjì nínú márùn-ún fún, tí méjì ò sì wúlò fún, ó ṣòro ju ẹni tí wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ. Ní ojú tiwa, bí òun àti ẹlòmíràn bá jọ ní nọ́ńbà 3 lóru kan náà, òun ló yẹ kí wọ́n mú, kódà bí iṣẹ́ ti ẹnì kejì bá dùn mọ́ni jù.

Ohun kan tún wà tí nọ́ńbà ò sọ. Kí ìgbìmọ̀ kankan tó jókòó, wọ́n ti pín wákàtí awò náà fún àwọn tó dáwó kọ́ ọ, tí wọ́n sì ń dáwó tọ́jú rẹ̀: South Africa, Poland, Íńdíà, àwọn yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí owó kálukú bá ṣe tó ni ìpín rẹ̀. Nàìjíríà ò sí nínú wọn. Ìlà tí a ń yìn pé kì í wojú yìí, inú ọgbà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnubodè ló kọ́kọ́ ṣa èèyàn. A ò sọ pé kí ẹni tó dáwó má jẹ èrè rẹ̀. A kàn ń sọ ibi tí owó ti dá sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé sánmà nìkan ló ń ṣe ìdájọ́ níbẹ̀.

Àmọ́ oru kan máa ń wà ní Sutherland tí òṣùpá á mọ́lẹ̀ rokoṣo, tí ìkùukùu tín-ín-rín á ta bo ojú ọ̀run, tí atẹ́gùn á sì jẹ́ kí ìràwọ̀ máa gbọ̀n nínú dígí. Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe fún ẹni tó ní nọ́ńbà 1 nírú òru bẹ́ẹ̀. Onímọ̀ ìràwọ̀ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ á tú ìwé ìlà náà lọ sísàlẹ̀, á wá ẹni tó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé irú sánmà yòówù tó bá ṣẹ́ kù á tó òun, á sì yí awò náà sí ìhà ibẹ̀.