Ẹni Da Eérú Ni Eérú Ń Tọ̀

Bí àwọn àgbà bá fẹ́ kìlọ̀ fún aṣebi, òwe tó máa ń tètè bọ́ sí wọn lẹ́nu ni pé ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. A máa ń pa á fún ọmọ tó ń purọ́ mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, fún ọ̀gá tó ń rẹ́ ọmọọṣẹ́ jẹ, fún olóṣèlú tó kówó ìlú sápò. Ó máa ń tu ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ nínú, nítorí ó fi í lọ́kàn balẹ̀ pé bí òun ò tilẹ̀ gbẹ̀san, atẹ́gùn yóò bá òun gbà á.

Mo fẹ́ràn òwe yìí púpọ̀, àmọ́ ó jọ pé a ti gbára lé e jù. À ń pa á bíi pé atẹ́gùn nìkan ló níṣẹ́ ṣe. Nígbà tí mo bá wo bí a ṣe ń da ìdọ̀tí nù ní àwọn ìlú wa, ohun tí mo ń rí ni pé eérú kì í dá mọ ilé ẹni tó dà á. Ènìyàn ló ń júwe ilé fún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ eérú fúnra rẹ̀ wò. Lọ́dọ̀ àwọn ìyá wa tó ń fi igi dáná, eérú kì í ṣe ohun à-dà-nù lásán. Aláró a máa kó o jọ, a dà á sínú ìkòkò tó ní ihò nídìí, a bu omi lé e. Omi tó bá sẹ́ jáde ni yóò fi rẹ ẹ̀lú kí aró tó lè mú aṣọ. Àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú kì í fi èèpo kòkó àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣòfò: wọ́n á sun ún di eérú, omi eérú náà ni wọ́n á fi se àdín di ọṣẹ. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ yìí ló ń lọ sí ààtàn, ẹ̀yìnkùlé sì ni ààtàn wà. Bí ìyàwó ilé bá dà á láìwo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, aṣọ òun fúnra rẹ̀ tó sá ni yóò bà lé, bóyá títí dé orí ọbẹ̀ tó ṣí sílẹ̀. Gbogbo agbo ilé ń wò ó, wọ́n mọ ẹni tó dà á, wọn ò sì ní ṣàì wí. Níbẹ̀, òwe yìí kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ rárá; ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ ni.

Nínú ìlú ńlá, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ wo Ìbàdàn, ìlú olókè. Láti Màpó àti Òkè Àrẹ, ìsàlẹ̀ ni gbogbo omi òjò ń wọ́ lọ, sí odò Ògùnpa àti odò Kúdẹtì. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ẹnì kan jù sí ojú àgbàrá lókè kò ní sùn sí iwájú ilé rẹ̀. Òjò kan péré ti tó láti gbé e kúrò níbẹ̀. Á bá omi sọ̀kalẹ̀, á pàdé ọ̀rá mìíràn àti ike àti àkísà, wọn á dì mọ́ ara wọn lábẹ́ afárá, omi ò ní rọ́nà lọ mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, 31 oṣù kẹjọ 1980, nígbà tí Bọ́lá Ìgè jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ògùnpa kún àkúnya, ó wó ilé, ó gbé ọkọ̀, ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Omíyalé ni àwọn ará Ìbàdàn ń pe irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ di òní. Ní 26 oṣù kẹjọ 2011, ó tún ṣẹlẹ̀: àwọn afárá wó, àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Lóòótọ́, òjò ọjọ́ méjèèjì náà pọ̀ gidigidi, àwọn ilé tí a kọ́ sórí ọ̀nà omi sì dá kún un. N kò ní sọ pé ìdọ̀tí nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n odò tí ìdọ̀tí ti dí lọ́nà kò ní ibi tí yóò gba òjò ńlá sí.

Nígbà náà, ta ni eérú tọ̀? Ẹni tó wà lókè fi aṣọ borùn, ó sùn. Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì ju ọ̀rá kankan rí láyé rẹ̀ wà nísàlẹ̀, omi sì gbé e lọ. Níbí yìí ni mo ti ń bá àwọn kan jà nípa òwe náà. Wọ́n á rí àwọn tí omi yalé wọn, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀, bí ẹni pé àjálù ti di ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀. Òwe náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní eérú yóò tọ ẹni tó dà á. Kò ní gbogbo ẹni tí eérú bà lé ló da eérú. Ẹni tó bá yí i sẹ́yìn báyìí ti gbé ẹ̀bi ẹni orí òkè ru ẹni etí odò. Ìkà ni, bó ti wù kí òwe pọ̀ tó lẹ́nu rẹ̀.

Ó dára, bí atẹ́gùn ìlú ńlá kò bá mọ ilé, ta ni yóò wá mú òwe yìí ṣẹ? Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ojú títì ti dáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́. Láti ìgbà ìjọba ológun Bùhárí àti Ìdíàgbọn, ní 1984 sí 1985, ni ìmọ́tótó Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ti di òfin káàkiri. L'Ékòó, títí di ọdún 2016, láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ kì í rìn. Àwọn ọ̀dọ́ a sì gba títì, wọ́n á fi òkúta méjì-méjì ṣe ojú góòlù, eré á bẹ̀rẹ̀. Etí gọ́tà ni wọ́n ti ń gbá a, nítorí náà bọ́ọ̀lù kò ní pẹ́ kó tó kó sínú ẹrẹ̀ dúdú. Òfin kan ṣoṣo ló wà fún ìyẹn, kò sí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí, gbogbo wọn ló sì mọ̀ ọ́n: ẹni gbá a ni yóò lọ mú un.

Ẹ wo bí òfin yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ojú ló rí ẹni tó gbá a, kò lè sẹ́. Eré ti dúró, kò ní tẹ̀ síwájú títí bọ́ọ̀lù yóò fi padà, nítorí náà gbogbo ẹnu ló ń lé e lọ. Ẹni tó bá ti ki ọwọ́ bọ gọ́tà lẹ́ẹ̀kan, ẹ óò rí i pé yóò máa fẹ̀sọ̀ gbá a lẹ́yìn náà. Kò sí atẹ́gùn kankan níbẹ̀. Àdéhùn àwọn ọmọ ló dá eérú padà sílé. Ṣùgbọ́n bí èyí tó dàgbà bá gbá a tó sì rán èyí tó kéré jù lọ pé kó lọ mú un, òfin ti kú nìyẹn, àwọn ọmọ náà sì mọ̀: wọn á kùn, eré á sì tutù.

Irú ìránni bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín àwa àgbà. Àwọn agbálẹ̀ títì àti àwọn kólẹ̀kódọ̀tí ń kó ohun tí wọn kò dà, ní ìdájí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó ń sáré. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, mo sì gbà pé iṣẹ́ wọn tọ́ sí owó gidi àti ọ̀rọ̀ tó dáa lẹ́nu wa. Síbẹ̀, àwa la gbá bọ́ọ̀lù náà.

Nígbà mìíràn, kò rọrùn láti mọ ẹni tó dà á. Abọ́ fóòmù tí wọ́n fi ń bu ìrẹsì fún ènìyàn: ṣé oníbàárà tó jù ú nù ni, àbí olóńjẹ, àbí ilé iṣẹ́ tó ṣe é? Ní oṣù kìíní 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé òun fòfin de fóòmù náà. Àwọn kan bínú, mo sì mọ̀ pé ìnáwó olóńjẹ kékeré lè fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n inú mi dùn pé ìbéèrè náà gòkè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe ohun tí kì í jẹrà, kò dúró sọ́dọ̀ ẹni tó jù ú sílẹ̀ nìkan.

Ní oṣù kọkànlá 2016, Èkó fagi lé òfin tó ní ká jókòó sílé ní Sátidé ìmọ́tótó. N kò bínú sí ìyẹn, ẹni tó ní iṣẹ́ àárọ̀ kò yẹ kí a há mọ́lé. Àmọ́ ní àdúgbò tí wọ́n ṣì ń ṣe é, ohun kan wà tí mo fẹ́ bẹ àwọn ẹgbẹ́ onílé. A máa ń fi ṣọ́bìrì wa ẹrẹ̀ àti ọ̀rá jáde láti inú gọ́tà, a ó sì kó o jọ ní gègéré sí etí gọ́tà kan náà, a ó wẹwọ́ lọ. Bí òjò bá rọ̀ kí ọkọ̀ kólẹ̀ tó dé, gbogbo rẹ̀ ti padà wọnú gọ́tà, ó ti kọrí sí ìsàlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sanwó ọkọ̀ kí ẹ tó lu agogo pé kí àwọn ayálégbé jáde. Kí ọkọ̀ náà sì ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú ṣọ́bìrì.