Ìgbà Wo Ni 'Tẹ́lẹ̀'?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín yìí kò ti inú ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ jáde. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé wa ní Tunga, nínú ìlú Minna yìí, ni ó ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí kẹ̀kẹ́ ológeere ẹ̀gbọ́n mi fara tì fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àwọn adìyẹ sì ti sọ ọ́ di ibùsùn.

Kì í ṣe irú Raleigh tí àwọn bàbá wa ń gùn. Irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń gun òkè ni. Ó ní sípíríǹgì níwájú, ó tún ní òmíràn lẹ́yìn, lábẹ́ ìjókòó, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá kọlu òkúta, ṣe ni yóò máa jó. (Ìlú olókùúta ni Minna. Ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ lásán níhìn-ín, ìdí rẹ̀ ni yóò ròyìn fún un lálẹ́.) Ẹ̀gbọ́n mi rà á ní tòkunbọ̀ ní ọdún 2003. Ó ń gùn ún lọ sí ẹnu iṣẹ́ ní Chanchaga títí di ọdún 2011 tí ọlọ́jọ́ fi dé.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a jáde lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, mo rí i pé ilé ìwé tí wọ́n pín mi sí jìnnà sí títì, lọ́nà Maikunkele. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú mọ́. Mo bá tọ màmá wa lọ nítorí kẹ̀kẹ́ náà. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Bí o bá lè dá a padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, máa gùn ún. Bí o kò bá lè ṣe é, má fọwọ́ kàn án." Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán.

Táyà, tíúbù, ṣéènì àti okùn bíréèkì kò fún mi ní wàhálà, owó ni wọ́n gbà. Iwájú rẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kókó rọ́bà tí ó wà nínú ẹsẹ̀ iwájú, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú sípíríǹgì, ti rà, wọ́n ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí oje igi. Bàbá atúnkẹ̀kẹ́ṣe tí mo gbé e lọ bá ní Kpakungu, tí gbogbo wa ń pè ní Mallam, gé òmíràn láti ara rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù ń jókòó lé, ó sì bá a mu wẹ́kú. Sípíríǹgì ẹ̀yìn ṣì le dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn òrùka tí ó ń yí lé lórí ti jẹ tán. Mallam ní òun yóò fi irin kan jó ẹ̀yìn náà pọ̀ gbọn-in, iṣẹ́ wákàtí kan ni. Mo bi wọ́n bóyá yóò ṣì máa jó. Wọ́n ní, "Yóò máa lọ. Ṣé kò tó?"

Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Plutarch, ará Gíríìkì àtijọ́, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará Athens tọ́jú ọkọ̀ ojú omi Theseus. Bí pákó kan bá jẹrà, wọn a fi tuntun rọ́pò rẹ̀, àwọn amòye sì ń jiyàn bóyá ọkọ̀ kan náà ni. Thomas Hobbes, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún dá kún un nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1655: bí ẹnì kan bá ṣa àwọn pákó àtijọ́ náà jọ, tí ó fi wọ́n kan ọkọ̀ kejì ńkọ́? Lójú tèmi, ẹni tí ó bá mọ ẹ̀kú egúngún kò ní pẹ́ lórí àríyànjiyàn yìí. Aṣọ tuntun ni wọ́n ń rán mọ́ ẹ̀kú bí ọdún ti ń yípo, títí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rán yóò fi fara pamọ́ sísàlẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dìde lọ́jọ́ ọdún kí ó ní egúngún ilé bàbá òun ti di òmíràn. Nítorí náà, táyà tuntun kò bà mí lẹ́rù. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù ni kí kẹ̀kẹ́ tí ń jó di èyí tí kò lè jó mọ́, kí n sì máa fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi pè é.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ màmá wa le ju báyìí lọ. Ìgbà wo ni 'tẹ́lẹ̀'? Àwọ̀ pupa ni ilé iṣẹ́ fi kùn ún. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó fi búrọ́ọ̀ṣì kun àwọ̀ búlúù lé e, kò sì kùn ún dọ́gba. Bí mo bá há búlúù yẹn kúrò, mo ti dá a padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn, sọ́wọ́ òyìnbó kan tí a kò mọ̀ rí tí ó kọ́kọ́ ni ín! Bí a bá sì tún tọ ipa irú kẹ̀kẹ́ yìí sẹ́yìn, a kò ní bá ìbẹ̀rẹ̀ kan tí ó mọ́ gaara níbẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, àwọn ọ̀dọ́ kan ní agbègbè Marin ní California ń wá àwọn kẹ̀kẹ́ Schwinn àtijọ́ kiri, èyí tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n ń fi bíréèkì tí ó le sí wọn, wọ́n sì ń gùn wọ́n sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Tamalpais. Ọdún 1977 ni Joe Breeze tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe egungun kẹ̀kẹ́ tuntun fún iṣẹ́ náà. Ẹsẹ̀ iwájú tí ń rì tí ń dìde, èyí tí a mọ RockShox sí, kò jáde títí di nǹkan bí ọdún 1989. Àlòkù tí a tún ṣe ni baba ńlá kẹ̀kẹ́ tí mo ń wá ojúlówó rẹ̀ kiri.

Mo pinnu pé 'tẹ́lẹ̀' màmá wa ni ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi gùn ún kẹ́yìn. N kò fọwọ́ kan búlúù náà. N kò jẹ́ kí Mallam jó ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, wọ́n gbẹ́ òrùka idẹ tuntun fún un, owó oúnjẹ oṣù kan sì bá a lọ. Ó tún ń jó.

Ìjókòó nìkan ni mo pààrọ̀, nítorí ó ti ya débi pé irin rẹ̀ ń gún ènìyàn. Nígbà tí mo gùn ún délé, màmá wa yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ó rì, ó dìde, wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ojú wọn bọ́ sórí ìjókòó. "Èyí kọ́ ni ó máa ń jókòó lé." Mo ṣàlàyé, mo ṣàlàyé títí. Wọ́n ní, "Ìwọ ni o fẹ́ jókòó, àbí òun?"

N kò rí èsì fọ̀ títí di àkókò tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Bóyá lóòótọ́ ni mo yan 'tẹ́lẹ̀' tí ó rọ̀ mí lọ́rùn. Ìjókòó tí ó ya náà wà nínú yàrá wọn, wọ́n fi aṣọ wé e. Ní ọjọ́ Ajé, èmi àti kẹ̀kẹ́ náà yóò gba ọ̀nà Maikunkele.