Ọpẹ́ Àná Kì Í Ṣe Àbẹ̀tẹ́lẹ̀

Ìwọ ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí, bí ẹnìkan bá bá ọ ru iṣu láti oko wá sílé lónìí, kí ni ìwọ yóò ṣe ní òwúrọ̀ ọ̀la? Ní Ọ̀bà-Àkókó, níbi tí a gbé tọ́ mi dàgbà, ọmọ tí a kọ́ kì í jẹ́ kí oòrùn ràn kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà olóore rẹ̀. Yóò dọ̀bálẹ̀, yóò sì wí pé, "Ẹ kú àná o, ẹ ṣeun." Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ó wá tọrọ nǹkan.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni kì í rántí àṣà rere yìí nígbà tí wọ́n bá ti ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́ dé. A ti wí fún wọn pé, "Ẹ máa lọ, a ó ránṣẹ́ sí yín," wọ́n sì fọwọ́ lẹ́rán. Àwọn kan ń rò pé bí àwọn bá kọ̀wé, àwọn ti rẹ ara àwọn sílẹ̀. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ kò kọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi òru gbé ẹ̀bùn lọ sí ilé ọ̀gá. Èwo nínú méjèèjì ni ó tọ́? Èmi wí pé kò sí èyí tí ó tọ́.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó, èmi náà lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́ olùkọ́. Oṣù méjì kọjá, n kò gbọ́ nǹkankan, ìgbéraga kò sì jẹ́ kí n béèrè. Ìyá mi di iṣu mẹ́fà pé kí n gbé e lọ fún ọ̀gá náà. Bàbá mi, àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé, kọ̀. Ó ní, "Iṣu tí a gbé fún adájọ́ kí ó tó dá ẹjọ́ kì í ṣe iṣu mọ́. Lọ kí wọn, kí o sì béèrè. Ẹnu nìkan ni kí o mú lọ."

Mo kọ ìwé kan, mo sì mú un lọ fúnra mi. Akọ̀wé tí ó gbà á tú fáìlì wò, ó sì rí i pé wọ́n ti ṣèèṣì fi ìwé mi sí àárín ti àgbègbè mìíràn. Nígbà náà, ẹlòmíràn ti wà ní àyè tí wọ́n pète fún mi. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1981 ni mo tó rí iṣẹ́. Àṣìṣe náà kì í ṣe tèmi, ṣùgbọ́n èmi ni mo dákẹ́ lé e lórí.

Báwo ni a ó ṣe mọ ọpẹ́ yàtọ̀ sí àbẹ̀tẹ́lẹ̀? Bi ara rẹ ní ìbéèrè méjì. Ṣé mo lè ṣe é ní gbangba, lójú gbogbo àwọn tí a jọ ń wá iṣẹ́ náà? Bí wọn kò bá gbà mí, ṣé n kò ní bínú pé mo ṣe é? Ìwé ọpẹ́ yege nínú ìbéèrè méjèèjì. Iṣu òru kò yege nínú ọ̀kan. Òfin ọdún 2000 tí ó dá àjọ ICPC sílẹ̀ pàápàá ka ẹni tí ó fúnni ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ẹni tí ó gbà á sí ọ̀daràn.

Nítorí náà, kọ ìwé rẹ ní ọjọ́ kejì. Jẹ́ kí ó kúrú. Dárúkọ iṣẹ́ náà àti ọjọ́ tí wọ́n rí ọ, dúpẹ́, kí o sì sọ pé ọkàn rẹ ṣì wà níbẹ̀. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá bá kọjá, béèrè lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn èyí, máa wá iṣẹ́ níbòmíràn, nítorí ẹni tí ń kanlẹ̀kùn lójoojúmọ́ ti kúrò ní olùdúpẹ́, ó ti di ayọnilẹ́nu.

Má sì ṣe rò pé ìwé rẹ lè dá iṣẹ́ tí kò sí sílẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014, nígbà tí àjọ ìjọba tí ń rí sí ìwọlé àti ìjáde ènìyàn ní Nàìjíríà ṣe ìdánwò láti gba òṣìṣẹ́, àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ lé ní 500,000, àyè tí ó wà kò sì tó 5,000. Àwọn ọ̀dọ́ kan pàdánù ẹ̀mí wọn nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ èrò. Kì í ṣe àìmọ̀wàáhù ni ó fa ìyẹn.

Àwọn àgbà máa ń wí pé bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, yóò rí òmíràn gbà. Ìwọ lè bi mí pé, "Ǹjẹ́ ọpẹ́ tí ń wo òmíràn kì í ṣe òwò bí?" Ìbéèrè rere ni. Ọ̀nà kan ni ó wà tí a fi lè mọ̀: bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, tún kọ̀wé, kí o sì dúpẹ́. Wọ́n fún ọ ní àkókò, wọ́n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ. Oore ni èyí, bí o tilẹ̀ lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹni tí ó lè dúpẹ́ ní ọjọ́ tí a kọ̀ ọ́ kò ta ọpẹ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ìwọ jẹ́.