Ta Ni Ó Ni Ògo Ẹṣin?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ẹṣin méjì ni òwe náà dárúkọ. Kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tí ó jí ní kùtùkùtù, tí ó fún ti iwájú ní oúnjẹ, tí ó fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó gbóná, tí ó sì pinnu bóyá ó tó eré sá lónìí tàbí kò ì tíì tó. Ẹni náà ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí. Bí ẹlòmíràn bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré, tí ó sì borí, kí ni ìpín ẹni tí ó kọ́ ọ nínú ògo náà? Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti ẹṣin. Ó kan olùkọ́, ó sì kan òbí.

Ẹ jẹ́ kí a fi Michael Stoute ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1945 ni a bí i ní Barbados, erékùṣù kan náà tí ó bí Garfield Sobers, ògbóǹtarìgì nínú eré kíríkẹ́ẹ̀tì. Ìfẹ́ eré náà kò fi Stoute sílẹ̀ títí ó fi darúgbó. Ọ̀gá ọlọ́pàá ni baba rẹ̀. Ní 1964 ó sọdá òkun lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ẹṣin ìje lọ́dọ̀ Pat Rohan ní Yorkshire, ó sì dá dúró ní Newmarket ní 1972. Nígbà tí ó fi máa fẹ̀yìn tì ní òpin 2024, ẹṣin mẹ́fà tí ó tọ́ ni ó ti gba ipò kìíní nínú eré Derby ní Epsom.

Nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù ni ó di igi rẹ̀ mú. Bí ó bá gba ayò 100, orúkọ rẹ̀ ni a ó kọ ọ́ sí. Bí wọ́n bá sì lé e jáde, òun nìkan ni yóò dá rìn kúrò lórí pápá. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó ni ògo àti ìtìjú rẹ̀. Ti olùtọ́jú ẹṣin kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1981, Shergar fi àyè tí ó tó gígùn ẹṣin mẹ́wàá ṣíwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú Derby, irú èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí nínú eré náà. Aga Khan ni ó ni ẹṣin yìí. Walter Swinburn, ọmọ ọdún 19, ni ó gùn ún. Stoute ń wòran ni. Ní oṣù Kejì 1983, àwọn oníbọn jí Shergar gbé ní Ireland, a kò sì rí i mọ́ títí di òní. Bí ó bá jẹ́ pé ara ẹṣin ni ògo olùtọ́jú wà, wọn ì bá ti jí òun náà gbé lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé irú ògo bẹ́ẹ̀ kò tọ́ rárá, nítorí òógùn ẹran ni, ẹnikẹ́ni kò sì bi ẹran náà bóyá ó fẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe èyí tí a lè fi ọwọ́ gbá dànù. Eré kẹta láyé Desert Crown ni Derby tí ó gbà ní 2022. Ní 2023 ó fi ẹsẹ̀ ṣèṣe, ó sì bá a kú. Kò sí ife wúrà tí a lè fi dá irú ikú bẹ́ẹ̀ láre.

Lójú tèmi, ìdáhùn wọn gan-an ni ó tọ́ka sí ohun tí í ṣe ti olùtọ́jú. Ẹrù ni tirẹ̀, kì í ṣe ògo. Pilsudski kò jọ akọni nígbà tí ó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Wọ́n fún un ní àyè. Ó gba ife ńlá ní Kánádà ní 1996, ó sì tún gba òmíràn ní Japan ní 1997, nígbà tí ó ti pé ọdún márùn-ún. Ẹni tí ó ni ẹṣin ń kánjú, àwọn tí ń ta tẹ́tẹ́ ń pariwo. Olùtọ́jú nìkan ni ó lè wí pé, ‘Kò ì tíì tó.’ Ẹni tí ó bá mọ kíríkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ márùn-ún yóò mọ ọgbọ́n yìí: bọ́ọ̀lù tí a jẹ́ kí ó kọjá náà jẹ́ ara eré. A kì í fún ènìyàn ní ife nítorí ọjọ́ tí ó fà sẹ́yìn, síbẹ̀ ọjọ́ náà nìkan ni ó jẹ́ tirẹ̀ pátápátá, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí ó bá a sá a.

Olùkọ́ ni èmi náà rí. Mo ti ti ọmọ kan sínú ìdánwò ní ọdún tí kò ì tíì tó, nítorí pé mo fẹ́ kí iye àwọn ọmọ mi tí ó yege pọ̀ sí i. Ọmọ náà kùnà, kò sì padà sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Orúkọ àwọn tí ó yege ṣì wà lẹ́nu mi, mo sì máa ń kà wọ́n fún àlejò. Tirẹ̀ ni n kì í dá. Bẹ́ẹ̀ ni mo mọ̀ pé lọ́wọ́ mi ni a ó ti béèrè rẹ̀.

Bí ẹṣin bá dá ni, a tún un gùn ni. Òótọ́ ni fún ẹni tí ń gùn ún. Ṣùgbọ́n ẹṣin tí a bá fi ìkánjú pa, ta ni yóò tún un gùn?