Ìmọ́lẹ̀ Ìgboro: Ta Ni Ó Kọ́kọ́ Tọ́ Sí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Bí títì kò bá ní iná, ìjòyè lè jìn sí kòtò gẹ́gẹ́ bí alágbàṣe. Kò sí ẹni tí yóò jiyàn pé ìmọ́lẹ̀ ìgboro dára. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni èyí: bí ìlú bá fẹ́ fi òpó iná sólà díẹ̀ dán ètò wò, tí iná náà kò sì lè kárí, ta ni ó tọ́ kí ó kọ́kọ́ rí ìmọ́lẹ̀? Ìgbà wo ni a sì lè pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní oore?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí iná mànàmáná kọ́kọ́ dé Èkó ní ọdún 1896, kì í ṣe gbogbo àdúgbò ni ó dé. Láti ìgbà náà, a dá NEPA sílẹ̀ ní 1972, a sì ta àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná fún aládàáni ní 2013. Síbẹ̀ agbègbè Òkìtìpupa ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lo ọ̀pọ̀ ọdún láìrí iná. Kò yani lẹ́nu pé ojú gbogbo ènìyàn yí sí òòrùn, tí kì í bèèrè owó iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n bí òòrùn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Pátákó orí òpó ń gba ìtànṣán ní ọ̀sán, bátìrì ń tọ́jú agbára náà, iná a sì tàn nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ní Àkúrẹ́, òru sún mọ́ wákàtí 12 jálẹ̀ ọdún. Ìkùukùu ìgbà òjò ń dín ìtànṣán kù. Eruku ọyẹ́ ń bo pátákó. Pátákó lè lò ju 20 ọdún lọ, ṣùgbọ́n a óò ti pààrọ̀ bátìrì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ó tó di ìgbà náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi Àkúrẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn kan lè wí pé Alágbàká, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba wà, ni ó yẹ kí òpó àkọ́kọ́ dúró, nítorí pé àlejò a máa fi ibẹ̀ wo ìlú. Wọ́n tún lè wí pé ohun tí a ń dán wò kò gbọdọ̀ tètè bàjẹ́, ibẹ̀ sì ni ẹ̀ṣọ́ wà. Àwíjàre yìí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ tì. Síbẹ̀, ìdánwò tí a ti mọ ìdáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ìdánwò. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá iná náà wúlò fún ìlú, ibi tí àìní wà ni kí a gbé e lọ. Ní Ìsìkàn, ìyálọ́jà tí ó ń palẹ̀ ọjà mọ́ nígbà tí ilẹ̀ ṣú, àti ọmọ tí ó ń bá a ru igbá relé, kò lè yan wákàtí tí wọn yóò rìn. Ẹni tí ó ní mọ́tò àti ẹ̀rọ amúnáwá lè yàn. Ẹni tí kò ní ibòmíràn láti sá sí ni ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ tọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti oore. Ní ọdún 2025, ẹgbẹ́ BudgIT tú u síta pé àwọn aṣòfin àpapọ̀ fi iṣẹ́ iná ojú títì 1,477 kún ètò ìnáwó ọdún náà, iye owó rẹ̀ sì lé ní bílíọ̀nù 393 náírà. Èé ṣe tí òpó iná fi wù wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Òpó ń dúró gbangba, ó sì ṣeé kọ orúkọ sí lára. Bátìrì tuntun kò ṣeé fi ìlù àti ijó ṣí. Bẹ́ẹ̀ sì ni òpó tí iná rẹ̀ ti kú burú ju àìsí òpó lọ: ó ti ná owó ìlú, ó sì ti kọ́ ará ìlú pé ìlérí kò ní láárí. Ọjọ́ ìṣílé kọ́ ni a fi ń wọn oore, bí kò ṣe ọdún kẹta, nígbà tí olóore ti lọ.

Ta ni yóò wá tọ́jú rẹ̀? Bí a bá ní kí àdúgbò ra bátìrì, a ti mú tálákà san owó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ó ti san owó orí àti owó ọjà. Bí a bá sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba, ohun gbogbogbò a di ohun tí kò ní olówó, olè a sì tú u lọ lóru. Ìdájọ́ òdodo ni kí ìjọba ya owó ìtọ́jú sọ́tọ̀ kí ó tó ri òpó kìn-ín-ní, kí àdúgbò sì ṣọ́ ọ, kí wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ìṣirò owó náà.

Ní àkótán, ìlú tí ó bá lè tan iná mẹ́wàá tí kò ní kú sàn ju èyí tí ó ri ọgọ́rùn-ún òpó sínú òkùnkùn. Òòrùn ń ràn sórí Alágbàká àti Ìsìkàn bákan náà. Ènìyàn ni ó ń pín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀.